Àpáta Zuma, Àpáta Aso, àti Bí A Ṣe Ń Wọn Òkè

Ẹni tí ó bá ti ilẹ̀ Yorùbá gba Ìlọrin jáde, tí ó la Jẹ́bà àti Bídà kọjá, tí ó wá ń sún mọ́ Àbújá láti ìhà Súlèjà, kò nílò kí awakọ̀ kígbe sí i létí pé ilẹ̀ Olú-ìlú ti dé tán, nítorí pé àpáta kan ń bẹ ní Madalla, létí títì gan-an, tí ó dá dúró láìní ẹgbẹ́, tí kò sí òkè kékeré kan tí ó fara tì í, tí ó dúdú kirimú, tí omi òjò àtọdúnmọ́dún sì ti fa ìlà funfun sí i lára láti orí dé ìdí, débi pé àwọn tí ó fẹ́ràn àtirí nǹkan nínú nǹkan a máa tọ́ka sí ojú, imú àti ẹnu ènìyàn lára rẹ̀. Zuma ni orúkọ rẹ̀. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Àpáta yìí náà ni ìjọba yà sí ẹ̀yìn owó 100 náírà ní 1999, tí wọ́n ya Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí iwájú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé àìmọye ọmọ Yorùbá ni ó ti fi òkè yìí ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kí wọ́n tó fojú kàn án.

Ohun méjì ni ó máa ń ya àlejò lẹ́nu nípa rẹ̀ bí ó bá bá àwọn tí ó mọ ilẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Èkíní ni pé Zuma, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní ẹnu-ọ̀nà Àbújá, kì í ṣe ti Àbújá rárá ní ti òfin, nítorí pé inú Ìpínlẹ̀ Niger ni Madalla wà, ààlà ilẹ̀ Olú-ìlú kàn gba tòsí rẹ̀ kọjá ni. Èkejì ni pé àpáta tí ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ fi orí gún sánmà yìí kò ga tó ọ̀pọ̀ ibi tí ènìyàn ń rìn káàkiri lé lórí ní orílẹ̀-èdè yìí láìmọ̀ pé òun gun òkè kankan. Obìnrin tí ó pàtẹ pòtétò sí ọjà Jọ́ọ̀sì, tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sórí àpótí rẹ̀, ibi tí ó jókòó sí ga ju ṣóńṣó orí àpáta Aso lọ, bí a bá ka àwọn méjèèjì láti ojú òkun, nítorí pé ìlú Jọ́ọ̀sì lé ní mítà 1,200, Aso kò sì ju 936 lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ń ná ata lọ́wọ́ ní ọjà Wuse ní Àbújá, ilẹ̀ tí ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ga ju góńgó Olúmọ ti àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí lọ, nítorí pé mítà 137 ni wọ́n ń ka Olúmọ sí láti ojú òkun, nígbà tí ilẹ̀ Wuse lé ní 400.

Kí ọmọ Ẹ̀gbá tí ó bá ń ka èyí má ṣe fa ojú ro. Nígbà tí ogun lé àwọn baba wọn dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, kò sí ẹni tí ó béèrè iye mítà tí ó wà láàrín orí àpáta náà àti òkun. Ohun tí ó gbà wọ́n là ni bí àpáta náà ti yọ lórí ilẹ̀ tí ó yí i ká, àti ihò tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Gíga tí ènìyàn ń sá sí lọ́jọ́ ogun yàtọ̀ sí gíga tí awọnlẹ̀ ń kọ sínú ìwé, kò sì sí òkè kan ní ayé tí kò ní méjèèjì: èyí tí ojú ń rí láti ìdí rẹ̀, àti èyí tí a ń kà láti ojú òkun. Zuma fi nǹkan bí mítà 300 yọ lórí ilẹ̀ tí ó dúró lé. Aso, tí ilé Ààrẹ wà ní ìdí rẹ̀, fi nǹkan bí 400 yọ lórí ilẹ̀ Àbújá, ilẹ̀ Àbújá fúnra rẹ̀ sì ti ga kí àpáta tó gùn ún, èyí ni ó fi jẹ́ pé 936 ni àpapọ̀ rẹ̀. Bí a bá wá rí ìwé tí ó mú gíga òkè kan láti ìdí, tí ó mú ti èkejì láti ojú òkun, tí ó sì fi wọ́n ṣe ìdíje, irú èyí tí ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń pe àlejò wá wo ìlú wọn, ariwo lásán ni ẹni tí ó kọ ọ́ ń pa.

Ìdí tí àwọn awọnlẹ̀ fi yan òkun kò le. Ìdí òkè kì í dúró sí ojú kan: àfonífojì lè wà ní apá kan rẹ̀, kí ilẹ̀ gíga wà ní apá kejì, kí ẹni tí ó wà ní apá ìhín sì máa bá ẹni tí ó wà ní apá ọ̀hún jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Òkun nìkan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba kárí ayé. Ṣùgbọ́n òkun náà kì í sinmi, ó ń kún, ó ń fà, ìjì ń tì í, oṣù ojú ọ̀run ń gbé e sókè sódò; nítorí náà, ní ẹnu omi Èkó, wọ́n ri ọ̀pá ìwọ̀n mọ́lẹ̀, wọ́n ń ka ibi tí omi dé lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì mú àárín gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òdo. Láti ibẹ̀ ni gíga ilẹ̀ wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Èkó àrómisá lẹ̀gbẹ̀-lẹ̀gbẹ̀, ìlú tí kò ní òkè kankan tí ó lè fi yangàn, ni a ti ń ka gbogbo òkè Nàìjíríà.

Bí wọ́n ṣe ń gbé òdo yìí wọ inú ilẹ̀ lọ, iṣẹ́ sùúrù ni. Awọnlẹ̀ á gbé awò rẹ̀ ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, á máa yí ìdè rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ kékeré inú gíláàsì yóò fi dúró sí àárín gbùngbùn, kí ó mọ̀ pé awò náà tẹ́jú. Ọmọ iṣẹ́ kan á di ọ̀pá tí a kọ nọ́ḿbà sí lára mú lẹ́yìn, òmíràn á di irú rẹ̀ mú níwájú. Iye tí ó bá kà lára ọ̀pá ẹ̀yìn, bí ó bá yọ iye ti iwájú kúrò nínú rẹ̀, èyí tí ó kù ni iye tí ilẹ̀ fi gòkè láàrín ọ̀pá méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn á ṣí síwájú, ẹni iwájú á di ẹni ẹ̀yìn, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, ìgbésẹ̀ lé ìgbésẹ̀, oṣù lé oṣù, wọ́n á sì máa fi ààmì sílẹ̀ lára símẹ́ńtì lójú ọ̀nà kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà tún ti Èkó bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sí ọ̀nà tí ó dájú tó èyí. Ní ara òkè, kò wúlò tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀pá kò ní í jìnnà sí awò kí ilẹ̀ tó ga kọjá ojú ẹni tí ń wò.

Níbi tí ọ̀pá bá ti kùnà ni igun ti ń gba iṣẹ́ ṣe. Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìdí Zuma kí á fi ọ̀ràn náà hàn kedere. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú tó níwájú àpáta náà, tí awọnlẹ̀ sì dúró pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń wọn igun, yóò máa rìn síwájú sẹ́yìn títí yóò fi rí i pé igun tí ó wà láàrín ilẹ̀ tí ó tẹ́jú àti orí àpáta jẹ́ dígíríì 45 gẹ́lẹ́. Kí ó ri èèkàn kan mọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ ojú sí àpáta, kí ó máa fi ẹ̀yìn rìn lọ tààrà, láì yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, bí ó sì ti ń lọ ni igun náà yóò máa dín, títí yóò fi ku dígíríì 26 àti ààbọ̀ lé díẹ̀. Kí ó ri èèkàn kejì mọ́ ibẹ̀. Bí ó bá ta okùn láàrín èèkàn méjèèjì, iye mítà tí ó bá rí ni gíga àpáta náà lókè ojú ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó wá fi gíga ẹ̀rọ lé e. Fún Zuma, okùn náà yóò tó nǹkan bí mítà 300. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi níláti fọwọ́ kan àpáta, kí á má tilẹ̀ sọ pé yóò gùn ún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó níláti mọ bí ó ti jìnnà tó sí abẹ́ góńgó rẹ̀ gan-an, èyí tí ó wà ní ikùn òkúta níbi tí okùn kankan kò lè dé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Òkèèrè yìí náà ni a ti mọ òkè tí ó ga jù ní gbogbo ayé. Ìjọba Nepal kò gbà kí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Íńdíà wọ ilẹ̀ wọn, nítorí náà láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ Íńdíà, láti ibi tí ó lé ní 100 máìlì, ni wọ́n ti ń na awò sí àwọn òkè Himalaya, nínú yàrá ìṣirò ni Radhanath Sikdar, ọmọ Bengal, sì ti rí i ní 1852 pé èyí tí wọ́n kàn fún ní nọ́ḿbà láìní orúkọ borí gbogbo ìyókù. Ohun tí àgbàlagbà rí ní ìjókòó, ọmọdé gun igi kò rí i. Ẹsẹ̀ bàtà 29,002 ni wọ́n kéde ní 1856, kí a tó sọ òkè náà ní Everest. Nígbà tí ìjọba Ṣáínà àti ti Nepal sì wọ̀n ọ́n pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ òde òní, tí wọ́n jọ kéde mítà 8,848.86 ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2020, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín ti àwọn tí ó jókòó sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ti àwọn tí ó gun orí rẹ̀ kò tó mítà mẹ́wàá.

Ní ilẹ̀ tiwa, orí òkè ni àwọn awọnlẹ̀ àtijọ́ ń gbé awò wọn sí, kí wọ́n lè máa ti orí òkè kan rí òmíràn, kí wọ́n sì fi igun so gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀ mọ́ra bí ẹni ń hun àwọ̀n. Òpó tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò àwọ̀n náà wà ní Minna, kò jìnnà sí Àbújá; L40 ni wọ́n kọ sí i, gbogbo máàpù Nàìjíríà ìgbà náà ni ó sì fi ìdí tì í. Bí ẹ bá gun òkè kan, tí ẹ sì bá òpó símẹ́ńtì kékeré níbẹ̀, irú èyí tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní píla, ẹ má ṣe rò pé ẹbọ ni, ẹ má sì wú u.

Omi híhó náà lè wọn òkè. Bí a bá ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ tí ó tẹ̀ wá mọ́lẹ̀ ń fúyẹ́, tí omi fi ń tètè hó láìtíì gbóná tó bí ó ṣe yẹ; ní nǹkan bí mítà 300 kọ̀ọ̀kan, dígíríì kan ni ó ń dín kúrò nínú 100 tí omi ń hó sí ní Èkó. Ní Jọ́ọ̀sì, ó ti hó kí ó tó kọjá 96, èyí sì ni ìdí tí ẹ̀wà fi ń pẹ́ lórí iná níbẹ̀ tí àwọn ìyàwó ilé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn fi ń fi ẹ̀sùn kan ẹni tí ó tà á fún wọn. Àwọn arìnrìn-àjò àtijọ́ a máa gbé ìkòkò kékeré àti ẹ̀rọ ìwọn-ooru gun òkè nítorí èyí; àṣìṣe rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó dára ju kí á fi ojú díwọ̀n lọ.

Lóde òní, sátẹ́láìtì ti gba ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ní oṣù Kejì 2000, ọkọ̀ òfuurufú Endeavour yí ayé po fún ọjọ́ 11, ó ń fi ẹ̀rọ rédà wọn gíga ilẹ̀, ó sì wọn èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ayé, Nàìjíríà pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà lè wo gíga orí òkè èyíkéyìí nísinsìnyí láìdìde. Síbẹ̀, ọ̀nà yìí ní àléébù kan: gíga ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó ọgbọ̀n mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń kó pọ̀ tí ó fi ń mú iye kan ṣoṣo jáde, nítorí náà ó máa ń gé ṣóńṣó orí òkè tí ó mú bí abẹ́rẹ́ kúrú, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún òkè tí orí rẹ̀ tẹ́. Ẹ̀rọ tí a ń gbé lọ́wọ́, tí ó ń gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì, dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun náà ní ẹtàn tirẹ̀. Òdo ti sátẹ́láìtì kì í ṣe òkun. Àwòrán ayé kan tí àwọn onímọ̀ ìṣirò yà, tí ó dán, tí kò sì ní kọ̀rọ̀, ni ó ń kà láti ara rẹ̀, ojú òkun gidi sì ga ju àwòrán náà lọ ní agbègbè wa. Ní Àbújá, ìyàtọ̀ náà lé ní ogún mítà.

Ṣùgbọ́n kí á mọ gíga, ààbọ̀ iṣẹ́ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé òkè báyìí ni ó ga jù ní ìpínlẹ̀ báyìí gbọ́dọ̀ mọ ààlà pẹ̀lú, ààlà sì ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, nítorí pé òkè kì í ṣí, ènìyàn ni ó ń ṣí ààlà. Títí di 1961, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso apá kan ilẹ̀ Kamẹrúùnù, apá náà sì pín sí méjì, gúúsù àti àríwá. Ní ọjọ́ 11 àti 12 oṣù Kejì ọdún náà ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ dìbò. Àwọn ti gúúsù yan Kamẹrúùnù, wọ́n sì gbé òkè Buea, tí ó lé ní mítà 4,000, tí ó sì ń tú iná jáde títí di òní, lọ́wọ́ lọ. Àwọn ti àríwá yan Nàìjíríà, wọ́n sì darapọ̀ mọ́ wa ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 1961, pẹ̀lú ilẹ̀ Mambilla àti Gashaka àti gbogbo òkè tí ó wà níbẹ̀. Láàrín òkè wọ̀nyí ni Chappal Waddi wà, mítà 2,419, òkè tí ó ga jù ní Nàìjíríà lónìí. Ìwé ìdìbò ni ó gbé e fún wa. Ó sì tún pẹ́ kí á tó mọ ohun tí a gbà, nítorí pé ọ̀pọ̀ máàpù àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ṣì ń fún Dimlang ní àwọn òkè Shebshi ní oyè náà, èyí tí àwọn òyìnbó sọ ní Vogel Peak, tí kò sì ju mítà 2,042 lọ. Chappal Waddi jìnnà sí ọ̀nà ọkọ̀, ìkùukùu ń bò ó, àwọn darandaran sì ni ó mọ̀ ọ́n jù. Òkè tí kò ní agbẹnusọ a máa pàdánù oyè fún èyí tí ó sún mọ́ ọ̀nà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrín orílẹ̀-èdè méjì yìí náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ láàrín ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìjọba bá tún ilẹ̀ pín. Ìpínlẹ̀ 12 ni a ní ní 1967. Wọ́n di 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991, 36 ní 1996. Chappal Waddi ti jẹ́ ti Gongola rí. Ní oṣù Kẹjọ 1991 ni ó sùn sí Gongola tí ó jí sí Taraba. Nígbà tí a yọ Èkìtì kúrò lára Òǹdó ní 1996, Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti àwọn òkè rẹ̀ tí ó tò bí ẹyin ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ Èkìtì, Ìdànrè tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè ní Ufẹ̀ Òkè sì dúró fún Òǹdó, àpáta lórí àpáta, èyí tí ó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,000 ga láti ojú òkun. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè yìí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ní ìgbà ayé àwọn baba wa. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni ẹni tí ó bá fẹ́ rí ààfin àtijọ́ yóò gùn, UNESCO sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò láti 2007. Bí a bá yí ẹsẹ̀ bàtà náà padà sí mítà, a ó rí i pé Ìdànrè àti Aso fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lórí. Ṣùgbọ́n nítorí pé ilẹ̀ Òǹdó rẹlẹ̀ ju ti Àbújá lọ, ẹni tí ó bá dúró ní ìdí méjèèjì yóò búra pé Ìdànrè ni ó ga jù, kò sì ní í jẹ̀bi ìbúra èké. Bí ó bá kan ti Jọ́ọ̀sì, níbi tí òkè Shere ti ga tó mítà 1,829, tàbí ti Obudu ní Cross River tí ó lé ní 1,500, kí á kúkú dákẹ́. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Ààlà lè ṣe ju èyí lọ. Ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ibi tí ó ga jù kì í tilẹ̀ í ṣe orí òkè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Frissell ni, nítorí pé ààlà gba ẹ̀gbẹ́ òkè náà kọjá, tí orí rẹ̀ sì bọ́ sí Massachusetts. Àwọn ará ibẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ náà di eré: láti 1936, nígbà tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ A. H. Marshall parí gbogbo ìpínlẹ̀ 48 tí wọ́n ní nígbà náà, ni àwọn kan ti ń lé ibi tí ó ga jù ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kiri, láti Denali tí ó jẹ́ mítà 6,190 nínú yìnyín Alaska, títí dé Florida, níbi tí tiwọn kò ju 105 lọ. Mo rò pé eré yìí yóò ba àwọn ọ̀dọ́ wa lára mu, àyàfi pé ní Bayelsa àti Delta, wọ́n lè gun ọ̀kadà kọjá lórí ibi tí wọ́n ń wá láìmọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa, Sokbaro ni ó lórúkọ jù ní ilẹ̀ Benin, mítà 658, èyí tí Aso ga jù lọ dáadáa. Òkè Agou ti Togo jẹ́ 986, ó fi 50 péré ju Aso lọ.

Nípa ilẹ̀ Àbújá fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wọlé, láti etí odò Gurara, orí ilẹ̀ tí kò ju mítà 70 lọ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé àríwá ìlà-oòrùn, ní ìhà Bwari àti Aso, níbi tí orí òkè tí ó lé ní 760 ti pọ̀ lọ jàra. Òkúta àtàtà ni gbogbo wọn. Nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni òkúta tí ó yọ́ nínú ilẹ̀ ti gòkè wá, tí ó sì tutù lábẹ́ ilẹ̀ láìyọ síta. Omi òjò ń wọ inú ilẹ̀, ó ń sọ òkúta tí ó ti sán di yẹ̀pẹ̀, àgbàrá ń kó yẹ̀pẹ̀ náà lọ, èyí tí kò sán tí omi kò sì rí ibi wọ̀ sì ń yọ jáde bí egungun ẹran tí a ti jẹ ara rẹ̀ tán. Ìdí nìyí tí ara wọn fi dán tí wọ́n sì rí rìbìtì: ọ̀sán ń gbóná, òru ń tutù, òkúta ń bó ní pelebe pelebe. Ọwọ́ ènìyàn náà sì ti dé sí i. Òkúta tí a fi kọ́ Àbújá, ara òkè Àbújá ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Ihò ńlá tí àwọn afọ́kúta fi sílẹ̀ ní Mpape ti di ibi ìgbafẹ́, nígbà tí ilẹ̀ sì mì níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2018, ìfọ́kúta wà lára ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Òkè wọ̀nyí kò ṣàìní ipa nínú bí Àbújá ṣe rí. Ní 1975 ni Ọ̀gágun Murtala Muhammed yan ìgbìmọ̀ kan, Adájọ́ Akínọlá Àgùdà ni alága rẹ̀, Tai Solarin wà níbẹ̀, láti wá ibi tí olú-ìlú tuntun yóò wà. Òfin tí ó dá ilẹ̀ náà sílẹ̀ jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú kí wọ́n tó pa Murtala. Nígbà tí Kenzo Tange, ayàwòrán-ilé ará Japan, wá ń ṣètò àárín ìlú, ó fi àpáta Aso ṣe orí ìlà tí ó fà la àárín ìlú já, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá dúró sí àárín títì gbọọrọ náà, òkè ni yóò rí ní òpin rẹ̀, ní ẹ̀yìn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti kó dé ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, tí ilé Ààrẹ wà lábẹ́ àpáta náà, ará ìlú kò lè dédé lọ gun Aso. Ẹ̀ṣọ́ ń bẹ, ìbọn ń bẹ. Fún awọnlẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, èyí kò dí ohunkóhun lọ́wọ́, èèkàn méjì àti okùn ṣì ń ṣiṣẹ́ láti ìta ọgbà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dán ọ̀ràn náà wò ní Àbújá, kí ó lọ sí òkè Katampe, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń gùn ní òpin ọ̀sẹ̀. Kí ó lọ ní ìdájí kí oòrùn tó mú òkúta gbóná, kí ó yàgò fún oṣù tí ọyẹ́ ń bo ojú ọ̀run bí ó bá tún fẹ́ rí Aso láti ibẹ̀. Bí ó bá dé orí rẹ̀, kí ó ṣí fóònù rẹ̀, kí ó gbé e sílẹ̀ lórí àpáta, kí ó má dì í mọ́ra, kí ó sì ní sùúrù títí nọ́ḿbà tí ń fò sókè sódò yóò fi dúró, nítorí pé sátẹ́láìtì mẹ́rin ni ó kéré jù tí fóònù níláti rí kí ó tó lè sọ gíga, bí wọ́n bá sì ti pọ̀ sí i ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dájú. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fi í wé ti máàpù ìjọba nígbà tí ó bá sọ̀ kalẹ̀. Bí ti fóònù bá fi ogún mítà àti díẹ̀ ju ti máàpù lọ, òdo sátẹ́láìtì ni fóònù náà ṣì ń kà láti ara rẹ̀, kò tíì mọ òkun Èkó.